Píìnì Olórí Pupa

Ó tó oṣù mẹ́rin gbáko tí Ìyá Ìbejì aránṣọ ti gba aṣọ funfun kẹ́yìn. Ẹ mú búlúù wá, ẹ mú dúdú wá, ẹ mú aláwọ̀ ewé wá, tẹ̀rín-tọ̀yàyà ni yóò fi gbà á. Ẹ mú funfun wá, ojú rẹ̀ á yí padà, á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà kan ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀, tí pákó lásán pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń tà ló ń ṣa oníbàárà.

"Ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn fún ẹni tó bá ń gẹ irun fún, torí ẹni tí kílípà wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ kò lè sá lọ. "Tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Píìnì olórí pupa kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀, iṣẹ́ kan tó ti parí ni. Mẹ́tàdínlógún ni mo kà láàárín ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ wá aránṣọ mìíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Tìmùtìmù náà kò tóbi ju ẹyin lọ. Píìnì tí kò lórí ni Ìyá Ìbejì fi ń di aṣọ mú kó tó rán an. Àwọn olórí pupa yẹn kì í kan aṣọ rárá. Ọkọ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan ohun tí wọ́n wà fún. Ó ní, "Iṣẹ́ ni." Kò tún bi í mọ́. Ọkùnrin a máa fẹ́ràn ìdáhùn tó bá ti dùn mọ́ ọn nínú.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí onígbàjámọ̀, ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tí á máa ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀. Ohun tó ń gbà fún iṣẹ́ náà kò ju àjákù aṣọ lọ, dúdú nìkan ló sì ń bèèrè. Ó ní òun fi ń nu fèrèsé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń nu fèrèsé bẹ́ẹ̀, fèrèsé ilé náà kò sì mọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Oníbúrẹ́dì, tí ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, já wọlé pẹ̀lú yáàdì mẹ́ta aṣọ funfun báláú lábẹ́ apá. Ohùn obìnrin yìí kì í wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ló máa ń gbà.

"Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀wù iṣẹ́ ni mo fẹ́, alápá kúkúrú. Àwọn tó ń wo ìmọ́tótó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọ̀ mìíràn wá."

"Àwọ̀ mìíràn kẹ̀? Kí n máa fi aṣọ dúdú po ìyẹ̀fun, kí n wá máa jọ eku tó bọ́ sínú àpò?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, mà."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí èmi ni mò ń wò yín láti òdìkejì! Láti àná lẹ ti jókòó sójú kan lórí àga yẹn. Mo kí yín, ẹ ò dìde. Ọkọ yín pè yín wá jẹun, ẹ ò dìde. Ṣé orí àga náà ni wọ́n ti fi yín joyè ni?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín nínú agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí Oníbúrẹ́dì kò rí láti òdìkejì títì ni pé ìṣẹ́po méje àjákù aṣọ dúdú ló wà lábẹ́ aránṣọ yẹn, àti pé ṣíṣírò ló ń ṣírò ìgbà tí òun lè dìde, kí ẹnikẹ́ni má baà wà lẹ́yìn òun.

"Funfun ni mo mú wá, funfun lẹ máa rán," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó sì ju aṣọ náà sórí máṣíìnì.

Inú bí Ìyá Ìbejì. Bí inú sì ṣe bí i, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbá aṣọ náà mú, ó dìde fùú láti dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́ sí máṣíìnì, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Aṣọ funfun bọ́ sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì ṣubú tẹ̀ lé e. Nígbà tí Oníbúrẹ́dì gbé e kúrò níbẹ̀, tó sì fa aṣọ rẹ̀ yọ, aṣọ náà kì í ṣe funfun mọ́.

Ẹnu Oníbúrẹ́dì, tí kì í pa dé, pa dé.

Onígbàjámọ̀ sáré wọlé tòun ti kílípà tó ṣì ń kùn lọ́wọ́. Akọ̀wé kan tó ń gẹ irun fún sáré tẹ̀ lé e, aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, apá kan orí rẹ̀ dán, apá kejì ṣì kún bí oko. Wọ́n wọ́n omi sí aránṣọ lójú. Ó la ojú. Ohun tó kọ́kọ́ wí ni, "Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ má jẹ́ kí èèyàn rí mi."

"Ẹ gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ fún un ní tíì gbígbóná pẹ̀lú ẹyin sísè méjì. Nǹkan obìnrin ni. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi náà rí tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, mo sì wà láàyè."

"Màmá, ẹ̀yin wà láàyè," ni Oníbúrẹ́dì dáhùn. "Àwọn tí kò sí láàyè ńkọ́? Ta ló bi wọ́n?"

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́tìnnì tó ti ṣà tẹ́lẹ̀.

Ó ń bí èèyàn nínú, bí a ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. Bí ọmọbìnrin bá gé ìka, ilé yóò dà rú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á ní kó mu tíì.

Onígbàjámọ̀ ń wo ìyàwó, ó ń wo ìyá. "Àwọn oníbàárà tó máa gba aṣọ lónìí..." ló bẹ̀rẹ̀ sí í wí.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," ni Oníbúrẹ́dì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ̀ mi wà níta. Ilé ìwòsàn ni à ń lọ."

"Mi ò lọ," ni Ìyá Ìbejì wí láti ilẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ máṣíìnì mú. "Wọ́n á yọ ilé-ọmọ mi. Alágbàfọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ títì, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é? Ó lọ nítorí ẹ̀jẹ̀, ó padà láìní nǹkan nínú. Mo ṣì fẹ́ bí ọmọ kan sí i. Ẹ fi mí sílẹ̀, ó máa dá fúnra rẹ̀."

"Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Oníbúrẹ́dì wí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé àpò ìyẹ̀fun. Ọwọ́ tó ti ń po ìyẹ̀fun fún ọdún méjìlélógún, kò sí ẹsẹ̀ máṣíìnì tó lè bá a jà.

Ọkọ̀ náà kún fún búrẹ́dì tí wọn kò tíì kó lọ fún àwọn tó ń tà á. Àárín rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Ìyá Ìbejì sí. Onígbàjámọ̀ gbé orí rẹ̀ sórí itan. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ní kó dúró ti ilé, ti gun ọkọ̀ ṣáájú gbogbo wọn, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Tí mo bá dúró sílé, ta ló máa sọ òótọ́ fún dókítà?" ló wí. Akọ̀wé dúró létí títì, ó na ọwọ́ sókè. "Onígbàjámọ̀! Orí mi ńkọ́?" Ọkọ̀ ti lọ.

Dókítà tó gbà wọ́n wọlé jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ojú lọ. Nọ́ọ̀sì fẹ́ so nǹkan tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá mọ́ apá aránṣọ, píìnì gún un lọ́wọ́, ó lọgun. Wọ́n tú tìmùtìmù náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Nígbà wo ni nǹkan oṣù wá? Ọjọ́ mélòó ló ti ń wá? Aṣọ mélòó ló ń rin lóòjọ́? Ṣé ó máa ń dì?

"Bó ṣe máa ń rí náà ni, mà," ni Ìyá Ìbejì wí, ó ń wo ògiri. "Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Díẹ̀díẹ̀ ló gbé yín ṣubú?"

"Dókítà, iṣẹ́ ni," ni ọkọ rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. "Ìyàwó mi kì í sinmi. Ẹ wo ohun tó wà lórí tábìlì yín yẹn. Píìnì olórí pupa kan, iṣẹ́ kan. Àná nìkan ṣoṣo, mẹ́fà! Gbogbo oníbàárà mi ló mọ̀ ọ́n."

Dókítà fa tìmùtìmù náà sún mọ́ra. Ó kà á, ó sì tún un kà. "Àwọn olórí búlúù ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ ya ẹnu. Kò tíì rí àwọn olórí búlúù rí.

"Kì í ṣe iṣẹ́," ni Ìyá Ìbejì wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré. "Pupa kan, aṣọ kan tó rin gbingbin ni, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọjọ́ kan. Búlúù, ìgbà tó bá wá ní dídì, tó tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ. Bí oṣù bá ti yí, mo máa ń rán tìmùtìmù mìíràn. Mẹ́ta wà nínú dúrọ́ọ̀."

Onígbàjámọ̀ jókòó. Kò sí àga lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí. "Mo ti ń kà á fún gbogbo ayé," ló wí. "Mo ń fi yangàn."

"Mò ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn pákó."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi, Ìyá Ìbejì?"

"Inú yín ń dùn," ló dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ láti ilẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ìtìjú bá a, ó sì yẹ kó bá a.

Dókítà nìkan ni inú rẹ̀ dùn. "Ogún ọdún ni mo ti ń bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè yìí," ló wí. "Wọ́n á ní 'ó pọ̀ díẹ̀', wọ́n á ní 'kò burú'. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú ìwé gidi wá fún mi. Ẹ wò ó, ọjọ́ kẹ́sàn-án rèé, kò sì tíì dín kù."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá oyún wà níbẹ̀, kò sí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sábẹ́ awọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan gbá a, bóyá èrìgì rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ó ń lo oògùn kankan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, àwòrán sì jáde lójú ẹ̀rọ náà bí òjò tó ń ṣú. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìkùukùu lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti dín kù gan-an," ni dókítà wí nígbà tí èsì dé. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ààbọ̀ ohun tó yẹ kẹ́ ní lẹ ń gbé kiri, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń yí. A máa fi oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù bẹ̀rẹ̀, a máa fún yín ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, tòní á gba inú iṣan wọlé. Ohun tó ń fà á rèé." Ó nàka sí àwòrán. "Ẹran kékeré kan hù sára ògiri ilé-ọmọ, láti inú. Ẹ̀yin ló máa yé jù. Ó so rọ̀ bíi bọ́tìnnì tó rọ̀ lórí okùn rẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé orí sókè. Ìbéèrè tó ti gbé mì láti oṣù mẹ́rin jáde wàyí. "Ṣé ẹ máa yọ ilé-ọmọ mi?"

"Tí bọ́tìnnì kan bá bàjẹ́, ṣé gbogbo ẹ̀wù lẹ máa ń jù nù?"

"Rárá o, mà!"

"Èmi náà kọ́. Lọ́jọ́bọ̀, a máa fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ wọlé, a ò ní la ikùn, a máa gé okùn bọ́tìnnì náà. A máa wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó má jẹ́ pé nǹkan burúkú sá pamọ́ sínú rẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi 'mo rò' ṣiṣẹ́ níbí."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde lódindi, ti ẹni tó ti ń há èémí mọ́ra tipẹ́. Oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́. Ó sáré jáde sínú ọkọ̀, ó kó búrẹ́dì wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tí píìnì gún gba odindi méjì, ó ní ìka òun ti ń san.

"Dókítà," ni Oníbúrẹ́dì wí nígbà tó padà dé, ó ń gbọn ìyẹ̀fun nù lọ́wọ́, "èmi alára ńkọ́? Nǹkan oṣù tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tán."

"Tó bá ti dá fún odindi ọdún kan, kò yẹ kẹ́ tún rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bó ṣe ẹ̀kán kan péré lẹ rí, ẹ má dúró wo èkejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn jẹjẹrẹ ni, tí a bá sì tètè rí i, a máa ń borí rẹ̀. Ẹ wá kí n wò ó."

Bọ́tìnnì kan já bọ́ láti inú báàgì Ìyá Àgbà, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ wá a, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó nàró.

Oògùn ṣì ń kán sínú iṣan Ìyá Ìbejì nígbà tí akọ̀wé dé, fìlà bò ó títí dé etí. Ó ní aláìsàn lòun wá kí. Ó kí i tán, ó wá yọ́ lọ bá onígbàjámọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mú kílípà dání?" Àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni kílípà wà láti àárọ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Abẹ́ igi tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti parí orí náà. Bí kílípà ṣe dé ìpàkọ́, akọ̀wé dúró de ìròyìn píìnì tó máa ń gbọ́.

"Irọ́ ni mo pa fún yín," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ni mò ń kà. Ìyàwó yín nílé ńkọ́, ẹ ti bi í bó ṣe ń ṣe é?"

Bí wọ́n ṣe gẹ irun akọ̀wé tán, kò dúró wo dígí; ilé ló gbà lọ tààrà.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n padà sílé. Àwọn ìbejì ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti se ẹyin tí Ìyá Àgbà fẹ́ fún ìyá wọn láàárọ̀, wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Onígbàjámọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó to oògùn sí i lápá ọ̀tún, ó wá gbé báàfù síta. Ojúde ló ti fọ aṣọ funfun Oníbúrẹ́dì, níbi tí gbogbo títì ti ń rí i, pẹ̀lú omi tútù àti iyọ̀. Ẹni tó bá dúró wò ó, á dá a lóhùn kó tó béèrè. "Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ni. Ó ti rí dókítà. Ìwé tó kọ fúnra rẹ̀, dókítà ní kò sí irú rẹ̀!" Ẹni tó bá ti ń yangàn kò ní ṣàì yangàn.

Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Àgbà wọlé, ó sì tì í padà wẹ́rẹ́. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi."

"Mà."

"Tìmùtìmù yẹn, ṣé òmíràn wà tí nǹkan kankan ò sí lára rẹ̀?"

Ìyá Ìbejì wo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó mú tuntun jáde, ó mú páálí píìnì tẹ̀ lé e. Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ pupa yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ó gún ọ̀kan. Ó gún èkejì. Ó dúró, ó ṣírò nínú ara rẹ̀, ó gún mẹ́ta sí i. Ọdún kẹtàlá rèé tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń nu fèrèsé."

Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti tìmùtìmù, píìnì kò sì gún ẹnikẹ́ni. Ó wá gbé ohùn sókè, ohùn tí wọn kò tíì gbọ́ nínú ilé náà láti oṣù mẹ́rin.

"Bàbá Ìbejì! Ẹ bá mi sọ fún Oníbúrẹ́dì pé mo ti gba aṣọ funfun rẹ̀. Kó má sì tíì kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Màmá ń lọ rí dókítà, iwájú ló sì fẹ́ jókòó sí."